Páànù Tó Mú Wilf Wálé

Holmby Fen, Lincolnshire,
Ọjọ́ Ajé.

Gillian, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú òjò Manchester, tí mo gbọ́ pé kì í dá. Ọlọ́run tó pa wá mọ́ nígbà tí omi oko kún dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yóò pa ìwọ náà mọ́ láàárín àwọn ará ìlú ńlá tí kì í kí ara wọn láàárọ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Àwọn adìẹ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè, èyí tó burú jù nínú wọn ló sì ń yé ẹyin jù.

Páànù alàwòrán tí o fi ránṣẹ́ ti dé láyọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí mo tú u, tí mo rí Wilf àbúrò ìyá mi àti àwọn mẹ́fà yòókù níwájú bàálù ajubọ́ǹbù wọn, bí wọ́n ti wà gan-an nínú fọ́tò kékeré tí o fi fóònù yà nígbà Àjíǹde, ṣùgbọ́n tí wọ́n wá fẹ̀ bíi fèrèsé, tí wọ́n ń dán lára irin, ńṣe ni mo jókòó lé ológbò lórí. Mo gbé fóònù dojú kọ ọ́ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o lè rí i dáadáa. N kò mọ̀ bóyá o ti wò ó tẹ́rùn kí apá tó ro mí.

Ìwé inú páálí sọ pé n kò gbọdọ̀ kan ìṣó, pé òòfà méjì tó dà bíi bọ́tìnnì ni yóò di irin náà mọ́ ògiri. Mo sọ àwòrán ẹṣin bàbá rẹ kalẹ̀, mo gbé e síbẹ̀, mo sì kó gbogbo ṣíbí kúrò ní yàrá náà, nítorí n kò fẹ́ kí àlejò máa bá ṣíbí lára ògiri. Ìwé náà tún sọ pé irú irin tí a fi ń ṣe bàálù ni. Gillian, o mọ ilẹ̀ wa. Láti kékeré mi ni katakata ti ń hú bàálù ogun jáde nínú ẹrẹ̀ oko wa. Táyà ọ̀kan ṣì wà nínú gbọ̀ngán abúlé títí di òní. Nítorí náà ó yé mi kíá pé wọ́n ti rí bàálù Wilf níbì kan, wọ́n gé e sí ègé, wọ́n sì ya àwọn tó wà nínú rẹ̀ sára ègé kọ̀ọ̀kan fún ẹbí wọn. Mo ní ẹni tó ro irú èrò yìí, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ ire.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà níbẹ̀, tó béèrè iye ìràwọ̀ tí mo fẹ́ fún àwòrán náà, ó sì parí sí márùn-ún. Mo wo fọ́ọ̀mù, mo wo ògiri. Ọkùnrin méje ló wọ bàálù yẹn. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé a dúpẹ́ fún ọlá tí wọ́n fẹ́ bù fún àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ fi méjì kún un.

Wàyí o, o mọ Àǹtí Elsie, àbúrò Wilf, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. O mọ̀ pé lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú lójú ogun, tí a bá fi òdòdó pupa sáyà, tí àlùfáà ń ka orúkọ àwọn tó bógun lọ, Àǹtí kò gbà kí a ka ti Wilf rí, nítorí láti ọjọ́ tí bàálù náà ti gbéra, kò sẹ́ni tó tún rí ohunkóhun lára rẹ̀, ì báà ṣe bọ́tìnnì kan. Wọ́n á ní a kì í ka ẹni tí kò tíì wọlé mọ́ àwọn tó ti sùn. Mo fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì wọ́n wá síwájú ògiri, mo sọ fún wọn pé bàálù rẹ̀ nìyí. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n fọwọ́ pa irin náà láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ sọ fún àlùfáà pé kó ka Wilf.

Ọjọ́ kejì ni Colin tó ń tún katakata ṣe wá mu tíì. Ó yí páànù náà padà, ó ní, Enid, irin tuntun ni o, àwọn adìẹ rẹ dàgbà jù ú lọ. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní òun ti pa á dé, ṣùgbọ́n irin náà kò ní tìtorí ìyẹn gbó.

Bí mo bá dákẹ́, orí irọ́ ni a ó ti ka orúkọ Wilf. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Àǹtí Elsie lè gba ọ̀rọ̀ wọn padà, ta ló sì mọ̀ bóyá wọn yóò rí ìrántí ọdún tó ń bọ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ tú gbogbo rẹ̀ fún wọn, tí mo ń bẹ̀bẹ̀. Gillian, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń hun nígbà ogun? Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn nígbà tí àwọn ti ń gbá ìṣó mọ́ ara bàálù ní iléeṣẹ́, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, pé irin tí mo gbé fún wọn kò ní ojú ìṣó kan ṣoṣo, àwọn sì ti mọ̀ kí àwọn tó bọ́ ìbọ̀wọ́ kejì tán. Mo ní, kí ló wá dé tí ẹ fi gbà? Wọ́n ní ọgọ́rin ọdún ni àwọn fi ń retí ẹ̀gbọ́n àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn rí ojú rẹ̀ tó fẹ̀ tó abọ́, àwọn rí i pé ọmọdé ni. Wọ́n ní, Enid, ọmọdé kì í dá wálé, ẹnì kan ló ń lọ mú un. Gillian rẹ ti mú un wá.

Lánàá ni a kà á. Bí àlùfáà ti pe Wilfred Garside, Àǹtí Elsie na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, wọ́n ní, ó ti dé o.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí a lè ṣe páànù mẹ́fà sí i. Àwọn yòókù náà ní ẹbí, kò sì tọ́ kí tiwa nìkan délé. Bí ó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra kéèkì fún Àǹtí Elsie.

Ọ̀nà tí o bá gbà jáde ni wàá gbà padà. Ibi tí wọ́n ti ń ka ẹni rere, wọn kò ní fo orúkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Enid.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: iléeṣẹ́ náà ti fèsì pé ìràwọ̀ àwọn kì í ju márùn-ún lọ. Mo kà á fún Àǹtí Elsie. Wọ́n ní kí o bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì gba márùn-ún náà padà. Àwọn méjèèje ló jọ lọ, a kò ní yọ méjì sílẹ̀.