Ọ́ìlì Ńkọ́?

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Björkvägen,
                                        Vargön, Sweden.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Märta,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé Bertil ọkọ yín ti gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, àbí ó ṣì ń sá lọ mu sìgá lẹ́yìn ilé? Ara tèmi le. Ọkàn ni kò balẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa fún yín.

Ẹ má retí wa ní oṣù Kẹjọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni èmi àti Sixten ọkọ mi fi ń gbé ọkọ̀ Saab àtijọ́ yẹn wá jẹ edé lọ́dọ̀ yín, tí ẹ ó máa pariwo pé èéfín wa ti ba aṣọ tí ẹ sá jẹ́. Ó ti parí.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í mu bẹntiróòlù lásán. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà nínú táńkì pẹ̀lú rẹ̀, òun ló ń rú èéfín yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Sixten fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ wa, àwa tó ní irú ọkọ̀ yìí, pé bí ẹnì kan bá ń ra epo, kí ẹni tó wà nítòsí ké pé, "Ọ́ìlì ńkọ́?" kí onítọ̀hún sì dáhùn pé, "Ó ti wọlé ṣáájú!" Joost pàápàá, ará Holland tó fẹ́ràn ọkọ̀ wa débi pé ó kọ́ èdè wa, tó sì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ ju àwa onílẹ̀ lọ, kì í gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún àárín ẹ̀ẹ̀rùn, bí a ṣe ń lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́, a yà sí ilé epo. Mo wọlé lọ ra kọfí. Nígbà tí mo jáde, Sixten ti ń dé táńkì. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bi í! Láti àárọ̀ ló ti ń bínú, torí pé kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá káàkiri ilé. Mo ní kí n má dá kún un.

Joost ń tẹ̀ lé wa. Nígbà tó yá, ó wa ọkọ̀ tirẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó yọ orí síta, ó ní, "Bàbá, èéfín yín dà? Àbí ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá ni?" Sixten rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́.

Joost ṣí búùtù. Agolo ọ́ìlì wà níbẹ̀, a ò tí ì já ìdérí rẹ̀. 

Sixten béèrè pé, "Ta ló ra epo?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

"Irọ́ ni! Èmi? Èmi Sixten?" Ó wá ń wò mí bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

A ti rí dókítà. Ó ní ó ti pẹ́ tí àrùn ìgbàgbé ti ń jẹ ọpọlọ rẹ̀, àti pé ohun tó ti lọ kò ní padà mọ́. Èmi ni mo ń pè é ní ọjọ́ ogbó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Joost ní òun ti rí ẹ́ńjìnnì mìíràn, òun á gbé e wá. Mo ní kó má ṣe wàhálà. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ Sixten, èmi ò sì mọ ọkọ̀ wà. Ta ni yóò wà á?

Ẹ bá mi kí Bertil, ẹ kí àwọn ọmọ. Bí ẹ bá lè wá, ẹ tètè wá, nígbà tó ṣì mọ orúkọ yín.

Ní àràárọ̀ ló ń lọ sí gáréèjì lọ da ọ́ìlì sínú ọkọ̀ tó ti kú. Lánàá, ọ́ìlì kún táńkì, ó ń ṣàn nílẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á ké pé, "Gunvor, ọ́ìlì ńkọ́?" Èmi náà á dáhùn pé, "Ó ti wọlé ṣáájú."

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ,
Gunvor.