Adésọjí Ti Padà Dé

                                        Òkè-Ọ̀ṣun,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Abíọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà síléèwé? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Fóònù gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá mi.

O rántí Adésọjí, ẹnjiníà wa tó kú nígbà òjò. Òun ló to àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìjàn. Ó so wọ́n pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan, ó sì sọ wọ́n lórúkọ àwa òṣìṣẹ́: Motọ́lání, Victor, Caleb, àti Adésọjí fúnra rẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ọ̀dọ̀ sáfà kan ló kọ́kọ́ ń dúró sí kó tó wọ fọ́lúùmù, ìyẹn àká ńlá tó wà lẹ́yìn. Bí sáfà bá kú lójijì, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ara wọn nígbà gbogbo, tí wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wa. Adésọjí ló kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní Yorùbá.

Sáfà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Iná á lọ, á dákẹ́. Iná á dé, gbogbo fóònù á dún: "Adésọjí ti padà dé."

Mo ní kí Victor kó ẹrù ọwọ́ sáfà náà fún àwọn tó kù, kó sì yọ ọ́ kúrò. Ó ní, "Mà á, ẹ má bínú. Èmi ò ní fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ Adésọjí." Caleb ní ká kúkú kọ́kọ́ yí orúkọ ẹ̀rọ náà sí Ṣẹ́gun, kó má baà jẹ́ Adésọjí la yọ. Mo bú àwọn méjèèjì. MBA tí mo kà kò ní orí kankan fún irú ìdádúró yìí.

Àfi bí Jọkẹ́, ìyàwó olóògbé, ṣe wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ọkọ rẹ̀ ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kó lè máa mọ ìdí tóun fi ń pẹ́ níbi iṣẹ́. A ò mọ̀. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní kíá ni n ó yọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dákun, Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dákẹ́. Bó bá ti dún báyìí, ó ti wọ ulé nìyẹn."

Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣé mo ní kò kú ni?"

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ aláìsàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Lánàá, mo fọwọ́ ara mi kó ẹrù náà fún àwọn yòókù, mo sì tẹ àṣẹ ìyọkúrò. Fóònù dún: "Adésọjí ti lọ. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn tó kù. Kò sí ohun tó sọnù." Adésọjí fúnra rẹ̀ ló ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó tó kú. Jọkẹ́ pè mí. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí tó fi pa fóònù.

Mo tú wáyà, mo gbé ẹ̀rọ náà sínú páálí sábẹ́ tábìlì mi. Láàárọ̀ yìí, fóònù tún dún. Sáfà kan ṣoṣo ni kò tíì gbàgbé orúkọ rẹ̀: "Motọ́lání ń wá Adésọjí. Kò tíì dáhùn."

Àṣẹ kékeré kan péré ni yóò pa á lẹ́nu mọ́. O mọ̀ mí, n kì í fi iṣẹ́ di ọ̀la. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Jọkẹ́ náà ń gbà á, kò sì tíì sọ pé kí n pa á.

Bá mi kí Màmá, kí o sì kí Dúrójayé àti gbogbo ará ilé ní Òmùò. Ó tún ti dún bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Motọ́lání tó jẹ́ ènìyàn.