Bí Ọbẹ̀ Ewé Mi Ṣe Gbé Màmá Dìde

Virtue ọmọ mi,

Okun o! Ṣé ara le? Ṣé Abuja ò tíì gbé ẹ mì? Bí ìwé yìí bá bá ẹ lórí ìjókòó, kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ná, torí èmi Hezekiah, ọ̀gá àwọn ọlọ́kadà Kabba, mo ti ṣe bẹbẹ. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ẹ́, torí mo ní kí fóònù sinmi, iṣẹ́ tó ṣe lánàá pọ̀. Ọwọ́ tó o fi ń dirun níbẹ̀ ò ní ro ẹ́, láṣẹ Olúwa.

O gbọ́ pé ibà dá ìyá mi, ìyẹn màmá àgbà ẹ, wó. Ibà lọ o, ṣùgbọ́n wọn ò jẹun. Mo gbé iyán wá, wọ́n ní rárá. Mo gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ní bí wọn ò bá jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́, ọsibítù là ń gbé wọn padà sí. Màmá ní tí wọ́n bá tún gbé àwọn débẹ̀, àwọn ò ní padà wálé mọ́. Àyà mi já, mi ò ní purọ́. Ìyá ẹ wà ní Iyah-Gbede, níbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ìgbà yẹn ni Màmá wá rọra sọ pé tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ewé tútù ni, bóyá ẹnu àwọn á gbà á.

Òjò ti rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ti tutù. Mo já gbúre, mo já ẹ̀fìnrín, mo já ewúro díẹ̀. Lois, ìyàwó Dáramọ́lá tó múlé tì wá, yọjú lórí ògiri, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni bàbá Virtue fẹ́ bọ́ ni. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo rí obìnrin kan nínú ẹ̀ tó ń se irú ọbẹ̀ náà. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo tún kí i, kò dáhùn. Ìgbéraga! Mo fojú fò ó, torí ọbẹ̀ ni mo wá kọ́. Ó ní kí n se ẹja gbígbẹ pẹ̀lú ata, irú àti epo, mo ṣe é. Ó ní kí n da ewé sí i, mo dà á. Ló bá dúró gbagidi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, òrùka funfun kékeré kan wá ń yí lójú ẹ̀. Òmùgọ̀ lè má mọ ìtumọ̀ ẹ̀, bàbá ẹ mọ̀ ọ́n: ó ní kí n máa rò ó. Bí òrùka ṣe ń yí ni mo ń yí ṣíbí. Èéfín wá ń bò ó lójú, àánú ẹ̀ ṣe mí, bó ti wù kó gbéraga tó, àlejò ni. Mo bá fa gbogbo igi iná jáde. Mo rò ó títí, apá fẹ́rẹ̀ẹ́ já, òrùka ò dúró.

Lois wá wọlé láti fi mí ṣẹ̀sín. Ó yọjú sínú ìkòkò, ó rí i pé ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó ní ta ló kọ́ mi pé téèyàn bá ti da ewé tútù sí i, ooru ìkòkò ti tó o? Ó ní ti Dáramọ́lá, á máa kó igi sí i ni, títí ewé á fi dúdú bí ẹrẹ̀. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní ṣé kò mọ̀ mí ni.

Mo bu ọbẹ̀ fún Màmá. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀fìnrín, wọ́n yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: iyọ̀ ò tó, ẹja kéré, ṣé ọbẹ̀ lásán làwọn máa máa mu bí ẹni ń mu omi, iyán dà? Èébú ò dùn mọ́ mi báyìí rí! Mo sáré gbé odó, Lois fúnra ẹ̀ bá mi gún un. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀ yìí, Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó kù díẹ̀ o, ọmọ mi. Fowó ẹja ránṣẹ́, torí Màmá ní èmi làwọn fẹ́ kó máa se ọbẹ̀ báyìí. Sọ fún báǹkì kí wọ́n fi owó tuntun ránṣẹ́ o, kí èyí tó ti ya má lọ há sínú wáyà lọ́nà Lọ́kọ́ja.

Màmá fẹ́ fúnra wọn súre fún ẹ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kún. Èmi ni mo ń bá wọn sọ ọ́: wàá jẹ, wàá yó, wàá rí ẹni bú.

Èmi ni bàbá ẹ,
Hezekiah Alásè.