Ohun Onírun tí Wọ́n Tẹ́ sí Ẹnu Ọ̀nà Dúrósinmí

Òkè-Àgọ́, Èkìtì,
Oṣù Kẹfà, 1975.

Dúrósinmí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o jí? Ìyàwó wa ńkọ́? Adébímpé tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọlọ́run tó fi ọ́ sílẹ̀ fún wa, kò ní gbà ọ́ padà lójú wa.

Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún bí ẹ ṣe tọ́jú mi ní Ìsọlọ̀. Mi ò mu omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ rí láìsí ọyẹ́. Mo ti ròyìn fún ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ti ọyẹ́ mọ́ inú àpótí funfun kan, ó sì ń fún un ní iná mànàmáná jẹ kó má baà bínú jáde. Wọ́n ní kí n kí ọ kú iṣẹ́, wọ́n sì ń bèèrè bóyá o lè fi díẹ̀ ránṣẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ibi tí o ti sọ pé ẹgbẹ́ onílé Ire-Akari fẹ́ lé Gàfárù ọlọ́dẹ yín lọ́jọ́ ìpàdé, nítorí pé àwọn ẹní ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo ń pòórá, tí wọ́n sì ní òun ló ń kó wọn lọ tà ní Òṣòdì, ibẹ̀ ni mo kà dé tí mo fi gbé oúnjẹ sílẹ̀, tí mo mú bírò láti kọ èyí. Gàfárù kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo kó wọn, mi ò sì tà wọ́n. Mo sun wọ́n ni.

O mọ̀ pé láti kékeré rẹ ni mo ti máa ń gbá ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó jáde, kì í sì í ṣe nítorí ìdọ̀tí nìkan. Ìyá tó bá tètè gbálẹ̀ ni yóò rí ohun tí ọ̀tá tẹ́ de ọmọ rẹ̀, tí yóò sì gbé e kúrò kí ọmọ tó tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí nílé rẹ, mo mú ìgbálẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ohun onírun kan tó rí bí èèpo àgbọn, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ máa ń kọ́kọ́ bà gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ nǹkan dúdú sí i lára. Mo kà á títí, kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orí mi wú. Orúkọ tí mo sọ ọ́ kì í ṣe orúkọ eré. Mo ti sin àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí ìwọ tó dúró.

Mo fi igi gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Gàfárù rí mi, ó ní Màmá Èkìtì, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn ni òun, òun náà ti ń fura sí nǹkan ọ̀hún tipẹ́, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í bi ọlọ́dẹ léèrè ohun tó rò ni. Ó fún mi ní kẹrosíìnì inú àtùpà rẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, torí irú rẹ̀ máa ń padà wá bí ènìyàn bá dárúkọ rẹ̀. Ó padà wá náà. Bí mo ṣe ń sun ún ni òmíràn ń hù, ó sì ń nípọn sí i. Ìgbà tí mo wá na ọrùn wo àdúgbò, ilé gbogbo ló ní tirẹ̀. Ti Ọ̀gbẹ́ni Felix, alága yín, tiẹ̀ pupa. Àánú wọn ṣe mí, gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, láìní ìyá nílé. Mo bá wọn kó tiwọn náà, mi ò sì dúró gba ọpẹ́.

O ní ìyàwó wa ló fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù rà á, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń nù sí i kí ẹrẹ̀ má baà wọlé. Mo gbọ́. Mi ò bá a jà, ó tọ́jú mi ju ọmọ tí mo bí lọ. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó: ẹ fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà mọ́, ẹ wá gbé ohun tí gbogbo àlejò yóò máa fi ẹrẹ̀ ra lára síbẹ̀. Níbí, abọ́ omi ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹni tó bá dé á ṣan ẹsẹ̀, ó parí. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ti ìnusẹ̀ ni, ẹ foríjì mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kí mi kú iṣẹ́.

Gàfárù ló ń dùn mí. O ní wọ́n bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn, ó dákẹ́, wọ́n ní ìdákẹ́ rẹ̀ ló fi hàn pé olè ni. Èmi ló ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún. Sọ fún un pé mo ti tú u sílẹ̀, kó máa sọ ọ́. Kí ìwọ náà ka lẹ́tà yìí sókè ní ìpàdé. Bí Ọ̀gbẹ́ni Felix bá ní dandan ni kí wọ́n lé ẹnìkan, èmi ni kí wọ́n lé. Ilé ni mo ti wà tẹ́lẹ̀, kò ní ni mí lára.

Mo fi iṣu rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ti Gàfárù ni èyí tó tóbi jù. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán an padà fún oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ, àti fún owó ọkọ̀ mi, bóyá alága á fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí mi.

Ilé rẹ kò ní dá páropáro. Ẹsẹ̀ ire ni yóò máa wọlé tọ̀ ọ́ wá, ìbáà nù ún, ìbáà má nù ún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Dúrósinmí.