Bí Àǹtí Ràmọ́tà Ṣe Ń Tọ̀

Àtàláátà, ìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ará ilé ní kí n sín wọn jẹ. Mo ṣe Bàbá Àgbà tó máa ń húkọ́ kó tó béèrè oúnjẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣe Àǹtí Ràmọ́tà, ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe ń tọ̀ ní balùwẹ̀. Mo di ògiri mú, mo fa èémí láàárín eyín, "sssì," mo dúró, mo tún fà á.

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú kíndìnrín Màámi ni wọ́n yọ fi sí Àǹtí lára lọ́dún tó kọjá, nígbà tí tirẹ̀ bà jẹ́.

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Ràmọ́tà, ṣé ó ń ta ọ́ bí o bá ń tọ̀?"

"Ẹ má dá aláwàdà yìí lóhùn jàre." Ṣùgbọ́n nígbà tí Màámi fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná.

Ní ọsibítù, dókítà ní kòkòrò ti wọ ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ kíndìnrín náà ló fún kòkòrò láyè, àti pé bó bá pẹ́ sí i, kíndìnrín ọ̀hún lè bà jẹ́. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ohun tó ń sá fún gan-an nìyẹn tó fi ń pa ìrora náà mọ́ra.

Ó wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Olófòófó."

"Mi ò kúkú sọ nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí mò ń kọ́ "sssì" yẹn, kó lè bá tirẹ̀ mu. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń dùn ún.