Denver Kín-in-Lẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní kí n máa kọ ohun tó bá ń bí mi nínú sílẹ̀, dípò kí n máa jágbe mọ́ tẹlifísàn. Ìwọ ìwé, o kú oríire.

Ó yẹ kí o mọ ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ sí ọ lára. Denver Skaggs ni mí. Mo ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti ti adìyẹ ní ẹsẹ̀ òkè Cutlip. Mo tún wà lára àwọn márùn-ún tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ìjọba ní káńtì wa, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ — àwa là ń pín owó, àwa là ń gba tíṣà, àwa là ń gba èébú. Bí mo ṣe wọlé ìbò: alátakò mi ti kó lọ sí Ohio kí ọjọ́ ìbò tó pé. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn mi gbálẹ̀. Pátákó mi ló gbà mí: DENVER SKAGGS — KÒ NÍ SÍ OWÓ ORÍ TUNTUN. Àwọn tó ṣẹ́kù ṣì wà nínú abà, òkìtì òkìtì.

Ìpàdé ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ti fi ìwé tí a ó jíròrò ránṣẹ́, ó nípọn bíi Bíbélì. Àga ṣọ́ọ̀bù mi ti ń mì láti ọdún Kérésì. Kò mì mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ìpàdé yá. Ọpẹ́ ni fún Ìdì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo ohun tí kò yẹ kó fa àríyànjiyàn, alága á dì wọ́n pọ̀ bí igi ìdáná, Ìdì là ń pè é, a ó sì dìbò kan ṣoṣo sí gbogbo rẹ̀. Táyà bọ́ọ̀sì, ọṣẹ ìfọlẹ̀, tíṣà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì — gbì, ó ti lọ. Ẹnì kan á dá àbá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Kí alága tó mí, mo ti ní “Mo kín in lẹ́yìn!” Wọ́n sọ mí ní Kín-in-lẹ́yìn. Mo gbà pé oríkì ni.

Nínú àwa márùn-ún, Verna Stiltner nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ìṣe rẹ̀. Ó kọ́ mi ní ìṣirò nígbà kan, ó fún mi ní òdo, kò sì tíì yí èrò rẹ̀ padà. Lónìí ó ní kí a fa ohun kan yọ nínú Ìdì, kí a sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kò sẹ́ni tó kín in lẹ́yìn. Ó wò mí. Èmi ń wo aago — bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifísàn nílé.

Alága wa, Clyde Harbison tó ń ta ọkọ̀, gbá mi léjìká. Ó ní, “Denver, ìwọ ni òpó ìgbìmọ̀ yìí.” Mo fi ayọ̀ wakọ̀ délé.

Ọjọ́rú, 12

Òpó ti wó.

Lottie, tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ ní ilé-ìwé Pigeon Fork, wá ra oúnjẹ adìyẹ láàárọ̀. Ó gbé àpò náà dé orí tábìlì, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá aláṣẹ. Ẹ ti ilé-ìwé àwọn ọmọ wa pa, ẹ tún fẹ́ gbowó mi?”

Mo ní irọ́ ni.

“Irọ́ kẹ̀? Ẹnu yín náà lẹ fi kín in lẹ́yìn! Àna mi wà nínú ìgbìmọ̀ yín, òun ló sọ fún mi.”

Mo fa ìwé ìpàdé yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àga mi kí n fi hàn án pé irọ́ ni. Àga dà mí nù níṣojú rẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí nílẹ̀ ni mo ti kà á, láàárín táyà àti ọṣẹ: kí a ti Pigeon Fork pa bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí, kí àwọn ọmọ máa wọ bọ́ọ̀sì kọjá òkè lọ sí ìlú.

Pigeon Fork ni Tansy ń lọ. Tansy, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń gbé lábẹ́ òrùlé mi.

Wilma ìyàwó mi béèrè ohun tí mo kà kí n tó dìbò. Mo ní mo ka ojú alága. Ó ní, “Ó dáa. Kí alága máa se oúnjẹ fún ẹ.”

Ọjọ́bọ̀, 13

Ẹ̀wà tútù. Kò sí búrẹ́dì àgbàdo. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo fẹ́ fi han Wilma pé ọ̀nà òkè náà kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo gbé Tansy sínú ọkọ̀, mo tẹ̀lé ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa gbà, kọ́nà lórí kọ́nà, kùrukùru bojú. Kí a tó dé orí òkè, mo ti dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan fún Tansy, tó bì sínú fìlà mi. Ẹ̀ẹ̀kan fún èmi.

Tansy ń gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́. “Pẹ̀lẹ́, Pápà. Ojoojúmọ́ la ó máa ṣe é báyìí?”

Ó dùn mí wọ egungun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo lọ bá Verna nílé. Mo gbé ẹyin lọ, bíi ẹni tó ń lọ wo aláìsàn. Mo ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àbá kí a gbé ọ̀rọ̀ Pigeon Fork padà.”

Ó ní òun ò lè dá a. Òfin ìgbìmọ̀ ni: ẹni tó dìbò pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó borí nìkan ló lè ní kí a tún ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀wò, ìpàdé tó kàn sì ni òpin rẹ̀. “Èmi ò borí, Denver. Ìwọ lo borí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá gbé mi ka ìṣirò. Ìpínlẹ̀ ń sanwó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibi ìwakùsà ti kógbá sílé, àwọn òbí ń kó lọ, ọmọ ń dínkù, owó ń tẹ̀lé wọn. Pigeon Fork ló mókè jù nínú ìwé kíkà ní gbogbo káńtì, òrùlé rẹ̀ ló sì ń jò jù. Ó ní, “Ìwé kíkà kì í dí òrùlé. Àfi kí a fi díẹ̀ kún owó orí ilẹ̀, kí aráàlú dìbò sí i lóṣù Karùn-ún. Ta ló máa sọ fún wọn?”

Mo ń wo bàtà mi. Mo ní èmi kọ́ o. Torí pátákó yẹn ni wọ́n ṣe dìbò fún mi.

“Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mu kọfí ẹ.”

Mo ní, ṣùgbọ́n bí mo bá dá àbá náà, ẹ ó kín mi lẹ́yìn?

Ó ní, “Bí o ṣe kín mi?”

Mo fi ẹyin sílẹ̀, mo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Clyde yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gbọ́ pé mo ń rojú. Mo ní ó fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní, “Pa mọ́ báwo? Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. A tún pe gbogbo ìlú sí ìpàdé lóṣù Kìíní.”

“Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, Clyde!”

“Èmi ni mo ní kí yìnyín já bọ́?”

Ó wá rọ ohùn. Ó ní bí a bá wọ gbèsè, ìpínlẹ̀ á gba ilé-ìwé gbogbo lọ́wọ́ wa, wọ́n á rán àjèjì wá. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ó ra oúnjẹ ajá, ó sì sanwó rẹ̀ pé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mo ka ìwé ìpàdé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àga ń mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ìpàdé kò yá lónìí.

Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni aráàlú kọ̀ọ̀kan ní láti sọ̀rọ̀. Aago ilé ìdáná tó rí bí adìyẹ la fi ń wọ̀n ọ́n. Lottie ṣì ń bú mi nígbà tí adìyẹ ké. Ó gbé adìyẹ náà, ó yí i padà, ó ń bá èébú lọ. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ó kàn mí. Mo ní mo dá àbá kí a tún ọ̀rọ̀ Pigeon Fork gbé yẹ̀wò.

Clyde ní, “Ǹjẹ́ ẹni kankan kín in lẹ́yìn?”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìgbìmọ̀, kò sí àbá tí mo jẹ́ kó tutù. Táyà, mo kín in lẹ́yìn. Ọṣẹ, mo kín in lẹ́yìn. Tèmi dé, ó dúró níbẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Mo wo Verna. Verna ń wò mí bíi ti ọjọ́ tó pè mí síwájú pátákó ìkọ̀wé, tí mo mọ ìdáhùn, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Clyde gbé òòlù kékeré rẹ̀ sókè.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ dúró! Owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Mo ti sọ fún yín pé kò ní sí owó orí tuntun. Ó gbọ́dọ̀ wà. Èmi fúnra mi ni mo máa kan ilẹ̀kùn yín, ojúlé sí ojúlé, títí di oṣù Karùn-ún. Ẹ bú mi níbẹ̀.”

Wọn ò tilẹ̀ dúró di oṣù Karùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Verna ní, “Denver, ṣé o ti ka èyí tó wà níwájú ẹ lónìí?”

“Mo ti kà á, Tíṣà.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, Tíṣà.”

Ó yíjú sí alága. “Mo kín in lẹ́yìn.”

Ìwọ ìwé, mo sunkún. Níwájú gbogbo èèyàn.

Clyde ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan tẹ̀ lé e. Verna ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku Rusty Mabe, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Rusty wo Lottie láàárín èrò. Lottie, ìyá ìyàwó rẹ̀, wò ó padà. Rusty nawọ́ pẹ̀lú wa.

Pigeon Fork ò kú: a gbé owó orí náà síwájú aráàlú. Bí aráàlú bá gba owó orí náà lóṣù Karùn-ún, ó yè. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a ó tì í pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo kó àwọn pátákó jáde nínú abà. Mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́yìn wọn: Ẹ DÌBÒ FÚN OWÓ ORÍ. Ọ̀dà kò tó láti pa iwájú rẹ́. Tansy di pátákó mú, mo fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá ń gòkè á rí Denver tuntun. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ á rí ti àtijọ́.

Virgil, aládùúgbò wa, dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ka ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yípo, ó ka ìkejì. “Skaggs, èwo ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?”

Mo ní kó jókòó, mo fẹ́ ka ìṣirò náà fún un. Ó wo ojú òfuurufú, ó wo Tansy, ó jókòó. Wilma gbé búrẹ́dì àgbàdo jáde wá fún wa.