Àpèkọ fún Kantíkantí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà ń bẹ láàyè, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ dé orí fóònù mi, o kò fi àmì ohùn kankan sí i. Mo mú bírò pé kí n bá ọ fi sí i, dígí rẹ̀ kò gbà. O ní níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, inú ìgò lẹ ti ń sin kantíkantí, àwọn kékeré tó máa ń rábàbà lórí èso tó pọ́n jù, pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ara wọn tí ara ń kà tó sì ń dà kọ. Èyí tó bá ń ṣì í kọ á tètè darúgbó, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀ á pẹ́ láyé, ẹ sì ní òògùn tó ń dín àṣìṣe kù. Ogójì ọdún ni mo fi pe àpèkọ fún ọmọ ènìyàn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé. Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi ń di pẹ́ńsù mú nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Bá mi sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀gá yín, ẹni tí oyè rẹ̀ gùn ju ẹ̀mí kantíkantí lọ, pé ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìgò kan ti pọ̀ jù fún olùkọ́ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, mo sì rí wọn lójú àlá. Mo ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n ń fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ bà sórí lẹ́tà bí àmì ohùn, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ìyẹ́ wọn kọjá.

Bí mo ṣe jí, ìyá rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. Kò fẹ́ kí n sọ fún ọ: ó ti ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Á ní kí n mú ṣíbí wá, kọ́kọ́rọ́ ló ń wá. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àpèkọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn. Ó ní ìjọba ti fún mi ní ìsinmi, kí èmi náà fún òun ní tòun.

Lánàá ó gba mẹ́sàn-án. Mo pe “ọkọ mi”, ó kọ “ọkọ̀ mi”. Mo na ọwọ́ sí bírò pupa. Ó wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé mi dé ibi tí mo dé yìí ni?”

Mo fún un ní mẹ́wàá.

Jọ̀wọ́, fi owó ìwé tuntun ránṣẹ́, tirẹ̀ ti fẹ́ kún. Bí òògùn yẹn bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìgò, bu díẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi Ọ̀jọ̀gbọ́n bóyá òògùn náà lè fojú fo àṣìṣe kan ṣoṣo yẹn.

Ẹni tó ń pe orúkọ wa lókè kò ní ṣi tìrẹ pè. Wàá gbó, wàá tọ́, ojú rẹ á ríran kàwé dé òpin.

Èmi ni bàbá rẹ,
ọkọ̀ ìyá rẹ.